Caroni, Demerara, Hampden àbí Foursquare: èwo lẹ máa fowó yín rà nínú àwọn rọ́ọ̀mù àgbà ti Kàríbíà?

Ẹni tó bá ti ń mu rọ́ọ̀mù, ọtí líle tí wọ́n ń fi ìrèké ṣe, fúngbà díẹ̀, tí owó sì ti ń wọlé díẹ̀, kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú sókè wo àwọn ìgò tí wọ́n tì mọ́nú gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́wọ́ mánéjà. Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo wọn ló ń pera wọn lágbà, gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà gbàǹgbà láyà, owó orí òmíì sì tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé "ẹ̀gbọ́n, owó ìgò kan ṣoṣo ni mo ní, èwo ni kí n mú?" Mi ò kì í dáhùn àfi tí mo bá kọ́kọ́ bi wọ́n pé ṣé mímu lẹ fẹ́ mu ún ni àbí ẹ fẹ́ tọ́jú ẹ̀. Ìgò tó dáa jù lẹ́nu àti ìgò tówó ẹ̀ ń gun òkè kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà, ẹni tó bá sì da méjèèjì pọ̀ ló máa ń fi ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ra nǹkan tí àyà ẹ̀ ò ní gbà á láti ṣí.

Èmi nítèmi, mímu ni mo ń rà á fún, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń ka ohun tí mo kọ yìí. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó sè é, ibi tí àgbá ti lo ọdún ẹ̀, àti bóyá wọ́n da nǹkan sí i, àwọn mẹ́ta yìí ni mo máa ń wò. Nọ́ńbà ló gbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn

Ní Jàmáíkà, Barbados àti Guyana, tí wọ́n bá kọ 12 sára ìgò, ọtí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àpòpọ̀ yẹn ti lo ọdún 12 nínú àgbá, kò sí àlàyé míì. Àmọ́ láwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì, wọ́n fẹ́ràn ètò sòlẹ́rà, ìyẹn ni pé wọ́n ń da ọtí kékeré pọ̀ mọ́ ti àgbà láti àgbá dé àgbá, nọ́ńbà tó bá wá dé ara ìgò lè jẹ́ ti ọtí tó dàgbà jù níbẹ̀ tàbí kó jẹ́ nọ́ńbà ọ̀ṣọ́ lásán. Ron Zacapa 23 ti Guatemala ni gbogbo ayé mọ̀ jù, àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ pé látorí ọdún 6 títí dé 23 lọtí inú ẹ̀. Ó dùn, mi ò ní kò dùn, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ Appleton 21 ti Jàmáíkà kẹ́ ẹ wá ní nọ́ńbà tiẹ̀ ló jù o.

Ibi tí àgbá jókòó sí tún ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ọtí máa ń fẹ́ lọ nínú àgbá, òyìnbó ní àwọn áńgẹ́lì ló ń mu ún. Ní Guyana tàbí Jàmáíkà, ooru ibẹ̀ lè gbé nǹkan bí 6% lọ lọ́dún tàbí jù bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ní Scotland tàbí England nǹkan bí 2% ni. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: àgbá lítà 200 tó lo 20 ọdún níbi tó ń pàdánù 6%, nǹkan bí lítà 58 ló máa kù, ìyẹn ò ju nǹkan bí ìgò 80 lọ. Tó bá jẹ́ England ló ti lo 20 ọdún yẹn, lítà 133 ló máa kù, ìgò 190. Ọdún kan náà, ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá rí ìdí tí owó wọn ò fi dọ́gba.

Ṣé ti ilẹ̀ gbígbóná wá dáa ju ti ilẹ̀ tútù lọ ni? Àwọn tó ń tà á máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Lóòótọ́ ooru máa ń jẹ́ kí ọtí gba adùn pákó kíákíá, á ki, á dúdú, á sì kún ẹnu, àmọ́ tó bá ti kọjá 20 ọdún, òmíì á ti korò, á ti gbẹ lẹ́nu, kìkì pákó lẹ máa mu. Ti Yúróòpù máa ń rọ̀, á fúyẹ́, òórùn ọtí fúnra ẹ̀ á sì hàn ketekete. Tí ọtí bá lóòórùn líle bíi ti Jàmáíkà, èmi tiẹ̀ fẹ́ràn ti Yúróòpù nígbà míì.

Èyí tó kù ni ṣúgà. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run: ìgò mẹ́wàá lè wà níwájú yín, gbogbo wọn pupa fẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo wọn lẹ́wà, kí márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọtí tí wọ́n fi ṣúgà tún ṣe kó lè rọ̀ lẹ́nu. Ohun tí àwọn tó ń kó ọtí jọ máa ń lò láti mọ̀ ni háídírómítà, gíláàsì tín-ín-rín kan tó máa ń léfòó. Ọtí fúyẹ́ ju omi lọ, torí náà bí ọtí bá ṣe lágbára tó ni gíláàsì yẹn á ṣe rì tó. Ṣúgà wúwo, òun á tì í sókè, tí ara ìgò bá wá ní 40% tí háídírómítà ní 33%, ẹnì kan ti da nǹkan sínú ẹ̀ nìyẹn, torí ohun tó ń wá látara pákó ò lè fa ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀. Òfin Yúróòpù tó jáde ní 2019 ti wá ní kó má ju gíráàmù 20 lọ nínú lítà kan, ṣùgbọ́n àwọn ìgò tó ti jáde ṣáájú ìgbà yẹn ló kún inú gbàǹjo báyìí, ẹ la ojú yín.

Caroni àti Demerara: àwọn méjì tó wúwo jù

Mo fi àwọn méjì yìí ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn torí àwọn ni gbogbo èèyàn máa ń pè ní rọ́ọ̀mù dúdú líle, tí ẹni tí ò bá tọ́ wọn wò rí á sì rò pé wọ́n jọra. Wọn ò jọra rárá.

Caroni jẹ́ ilé iṣẹ́ ọtí ní Trinidad, ó wà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ṣúgà ìjọba. Ní 2002 ni wọ́n sè kẹ́yìn, ní 2003 ìjọba ti ilé iṣẹ́ ṣúgà yẹn pa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì di aláìníṣẹ́. Lópin 2004 ni Luca Gargano, ọ̀gá Velier, ilé iṣẹ́ tó ń ta ọtí ní Genoa ní Ítálì, débẹ̀, ló bá bá àwọn àgbá tó jókòó nínú sítọ́ọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bìkítà fún. Ó rà wọ́n, ó rọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sígò láì bomi là wọ́n, àwọn ìgò dúdú yẹn ni wọ́n sì ń tìtorí ẹ̀ jà lónìí. Ohun tó jẹ́ kówó ẹ̀ ga ni pé kò sẹ́ni tó máa sè é mọ́, ìgò kan tí wọ́n bá ti mu, ó ti dín nínú iye tó kù láyé nìyẹn.

Adùn ẹ̀ ńkọ́? Ẹ ṣí i, ọ̀dà títì lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́, lẹ́yìn náà táyà, lẹ́yìn náà pẹtiróòlù. Mo bu díẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi kan ní Peckham, ó gbóòórùn ẹ̀, ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó ní "Àbúrò, ṣé kí n mu ún ni àbí kí n bu ú sí jẹnẹrétọ̀?" Ó mu ún tán ṣá. Torí tẹ́ ẹ bá fún un ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú kọ́ọ̀bù, àwọn òórùn líle yẹn á sún sẹ́yìn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, rẹ́sínì, ṣúgà tó jóná díẹ̀ àti iyọ̀ á wá jáde, èyí tó bá sì dáa nínú wọn, ẹ ṣì máa gbọ́ ọ lẹ́nu yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti jẹun alẹ́.

Kì í ṣe gbogbo Caroni ló rí báyìí o. Àwọn kan fúyẹ́, àwọn tó wúwo ni wọ́n máa ń kọ HTR sí lára, ìyẹn Heavy Trinidad Rum. Bákan náà, àwọn ti Velier ló lo ọ̀pọ̀ ọdún wọn ní Kàríbíà, wọ́n tiẹ̀ máa ń kọ iye tó fẹ́ lọ nínú àgbá sára ìgò, àwọn ilé iṣẹ́ míì bíi Cadenhead àti Bristol sì ti ta Caroni tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ẹ̀ ní Yúróòpù. Àwọn ti Yúróòpù yìí dín lówó, ọ̀dà ẹ̀ tiẹ̀ tún máa ń hàn jù torí pákó ò bò ó mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá tíì mu Caroni rí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí Velier, ẹ wá sáńpù ti Yúróòpù kẹ́ ẹ fi mọ̀ bóyá ẹnu yín gbà á. Ìdajì àwọn tí mo mọ̀ ni ò gbà.

Demerara wá yàtọ̀. Guyana ló ti wá, ó sì jẹ́ pé láyé àtijọ́ oko ìrèké kọ̀ọ̀kan létí odò Demerara àti àyíká ẹ̀ ló ní ilé ọtí tiẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ti àwọn oko yẹn pa ni wọ́n ń kó ẹ̀rọ wọn lọ síbòmíì, títí gbogbo ẹ̀ fi parí sọ́dọ̀ Demerara Distillers ní Diamond. Ohun tó mú mi lọ́kàn jù níbẹ̀ ni pé mẹ́ta nínú ẹ̀rọ yẹn, pákó ni wọ́n fi ṣe é. Pákó o! Wọ́n ń sè ọtí nínú pákó. Igi greenheart ni wọ́n ń lò, igi Guyana tó le tómi ò lè jẹ ẹ́, tí pátákó kan bá sì ti jẹrà wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe ń bá ayé lọ. Orúkọ oko tí wọ́n ti wá ni wọ́n ń jẹ́: Port Mourant, Versailles àti Enmore.

Ẹni tó bá fẹ́ kó Demerara jọ gbọ́dọ̀ mọ àwọn lẹ́tà ara ìgò. PM ni Port Mourant, ìkòkò pákó méjì tó so pọ̀, òun ló wúwo jù, pákó tútù, rẹ́sínì dúdú, kànáfùrù àti kọfí tó ti pẹ́ lórí iná. EHP ni Enmore, lẹ́tà orúkọ Edward Henry Porter ni, òun rọ̀ díẹ̀, èmi máa ń gbọ́ èérún pẹ́ńsù nínú ẹ̀, irú èyí tó máa ń kù sínú ṣápúnà. VSG ni Versailles, ó wà láàárín àwọn méjèèjì, àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ wá a, ìyẹn sì ni mo ṣe máa ń sọ pé kẹ́ ẹ wá a.

El Dorado 15, rọ́ọ̀mù Demerara Distillers fúnra wọn, ni ilẹ̀kùn tó rọrùn jù, ní UK ó sábà máa ń wà láàárín £50 sí £70. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣúgà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, El Dorado wà lára àwọn tí háídírómítà mú láwọn ọdún kan sẹ́yìn, torí náà tó bá dùn mọ́ yín lẹ́nu jù, kì í ṣe ìrèké nìkan o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ojú àwọn pákó yẹn láìsí pọ́ńdà, ẹ wá El Dorado Rare Collection tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2016, PM 1999, EHP 1993 àti VSG 2002 ló kọ́kọ́ jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan wá láti ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Kó tó dìgbà yẹn Velier ló ń rọ irú ẹ̀ sígò fún wọn. Skeldon, oko Guyana míì, 1973 àti 1978 ti Velier làwọn tó ń kó Demerara jọ máa ń pe orúkọ ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, owó ẹ̀ ti kúrò ní owó ọtí.

Nínú méjèèjì, tó bá jẹ́ ìgò tówó ẹ̀ máa dúró, Caroni ni, torí orísun ẹ̀ ti gbẹ. Tó bá jẹ́ mímu pẹ̀lú àwọn ẹbí lẹ́yìn oúnjẹ, Demerara, kò sí ìjà níbẹ̀. Ìyá yín máa mu PM tó ti lo ọdún 15, ó lè ní kẹ́ ẹ tún bu díẹ̀ sí i. Ìyá yín ò ní mu Caroni.

Jàmáíkà

Hampden wà ní Trelawny, ọdún 1753 ni wọ́n kọ sára ìgò wọn, títí di bí mo ṣe ń sọ yìí wọn ò ra yíìsì, èyí tó ń fò kiri nínú afẹ́fẹ́ àti lára ògiri ló ń bá wọn ṣiṣẹ́. Mòlásíìsì, ìyẹn omi dúdú tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà, omi, àti dunder, ìyẹn ìkẹtẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sè ọtí tán, ni wọ́n ń pò. Wọ́n á tún fi ohun tí wọ́n ń pè ní muck sí i, ìyẹn ìdọ̀tí ìrèké tí wọ́n ń dà sí kòtò kó máa jẹrà níbẹ̀, òórùn ẹ̀ ò ṣeé sọ. Gbogbo ẹ̀ á wá jókòó sínú àgbá pákó tí wọn ò dé, á máa hó, á máa kan, fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọtí míì á ti ṣe tán láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ohun tí kíkan yẹn ń bí ni wọ́n ń pè ní ẹ́sítà, òun ló ń mú ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà, ólífì àti òórùn kútẹ́ẹ̀sì wá.

Lẹ́tà wà lára tiwọn náà, ó sì jẹ́ ìwọ̀n ẹ́sítà, iye gíráàmù tó wà nínú ọgọ́rùn-ún lítà ọtí pọ́nńbélé. OWH ló kéré jù, 40 sí 80. LROK, 200 sí 400. HLCF, 500 sí 600. Ẹ ń gòkè lọ báyìí títí dé DOK, 1500 sí 1600, ibẹ̀ lòfin Jàmáíkà ti ní ó tó. DOK kì í ṣe ohun mímu látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń ta á fáwọn tó ń ṣe súìtì àti àwọn tó ń fi ẹ̀kán díẹ̀ ta ọtí míì jí. Wọ́n ti ń rọ ọ́ sígò fáwọn aláyà líle báyìí, ẹni tó bá rà á kó rántí pé mo ti wí.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, Hampden 8 tó jẹ́ 46% ló péye. Ní 2018 ni ilé iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ara ẹ̀ ta ọtí tó dàgbà síbẹ̀, kó tó dìgbà yẹn Yúróòpù ni wọ́n ń kó o lọ nínú àgbá, àwọn tó rà á ló ń rọ ọ́ sígò pẹ̀lú orúkọ tiwọn. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí Hampden ọdún 20 àti ọdún 30 lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Yúróòpù, nígbà tí ti ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ṣì kéré lọ́jọ́ orí.

Ẹ wá gbé Appleton sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àfonífojì Nassau ní St Elizabeth ni tìyẹn, 1749, Joy Spence tó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́místírì ló sì di ọ̀gá àwọn tó ń po ọtí wọn ní 1997, òun lobìnrin àkọ́kọ́ tó dé irú ipò yẹn nídìí iṣẹ́ ọtí líle. Ọsàn, pákó tó rọ̀, fàníìlà, kọfí, kò sí ohun tó máa dẹ́rù bà yín. Appleton 21 ni mo máa ń gbé lọ fún bàbá ìyàwó. Ní 2012 tí Jàmáíkà pé 50 ọdún tó gbòmìnira, wọ́n gbé ti ọdún 50 jáde, ìgò 800 péré, ọtí tó ti wọ àgbá láti 1962. Ìyẹn, ẹni tó ń tọ́jú nǹkan ló wà fún.

Worthy Park náà dáa, ilé ìsetí wọn tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ó sún mọ́ Hampden ju Appleton lọ lẹ́nu, owó ẹ̀ ò sì ga. Ẹ gbìyànjú ẹ̀.

Foursquare, Martinique, àti Cuba díẹ̀

Tí wọ́n bá gbé ìbọn sí mi lórí pé kí n mú ọ̀kan, Foursquare ti Barbados ni. Richard Seale tó ni ín kì í da nǹkan kan sí ọtí ẹ̀, òun gan-an ló sì pariwo jù lọ lórí ọ̀rọ̀ ṣúgà títí àwọn yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òótọ́ sára ìgò. Ó ní ìkòkò ìsetí ti àtijọ́, ó ní ẹ̀rọ onípáìpù gíga, á po ọtí méjèèjì, á wá kó wọn sínú àgbá tí wọ́n ti fi tọ́jú bọ́ọ̀bọ̀n, ìyẹn wisikí Amẹ́ríkà, tẹ́lẹ̀, nígbà míì á tún kó wọn sínú àgbá wáìnì bíi Madeira, Port tàbí Zinfandel. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Exceptional Cask ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́, wọ́n kọ ọdún tó wọ àgbá, irú àgbá, agbára ẹ̀, gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jáde ní bíi £60 sí £90. Àgbọn, fàníìlà, àlímọ́ńdì, ata díẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ò mu rọ́ọ̀mù rí máa fẹ́ràn ẹ̀, ẹni tó ti mu gbogbo ẹ̀ rí náà máa fẹ́ràn ẹ̀, Hampden àti Caroni ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Àbùkù ẹ̀ kan ni pé àwọn kan máa ń sáré rà á níjọ́ tó bá jáde láti lọ tún un tà ní ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì. Ẹ ní sùúrù jàre, òmíì ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Tówó ò bá sì tó, Doorly's 12 àti 14, ilé kan náà ni wọ́n ti wá.

Martinique ò fi bẹ́ẹ̀ lo mòlásíìsì ní tiwọn, omi ìrèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ni wọ́n ń sè, nítorí náà koríko tútù àti ata á wà nínú ẹ̀ bó ti wù kó dàgbà tó. Láti 1996 ni òfin Faransé ti dè é: kó tó jẹ́ vieux, ìyẹn àgbà, ó gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 ó kéré tán, VSOP ọdún 4, XO ọdún 6. Kò tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n ooru ibẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Neisson ni mo yàn, Rhum J.M tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ràn Cognac, ìyẹn bràńdì Faransé, tàbí wáìnì máa bá ara ẹ̀ mu níbẹ̀ ju Jàmáíkà lọ.

Cuba ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń kó nǹkan jọ. Rọ́ọ̀mù wọn fúyẹ́, wọ́n ṣe é kó rọra wọlé ni, Havana Club 7 dáa fún owó ẹ̀, Máximo sì wà fún ẹni tó fẹ́ fi ìgò yangàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba yín ò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù tà á fún yín. Ohun tó sún mọ́ wa níbẹ̀ ni pé àwọn Lukumí, ìyẹn àwọn tó ń bọ òrìṣà Yorùbá, ní Cuba ṣì ń fi ẹnu fẹ́ ọtí ìrèké sí Elegguá títí dòní, Èṣù wa náà ni, ọtí yẹn kì í sì í ṣe ọtí ọdún 25 o, èyí tó ta lẹ́nu gan-an ni.

Àwọn ìgò ìtàn

Ọjọ́ 31 oṣù Keje 1970 ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ ogun wọn ní rọ́ọ̀mù ojoojúmọ́ kẹ́yìn. Èyí tó ṣẹ́kù wà nínú ìgò amọ̀ gálọ́ọ̀nù kan, àwọn kan kó o jọ, wọ́n sì tà á ní 2010 lórúkọ Black Tot Last Consignment, £600 nígbà yẹn. Mo ti tọ́ ọ wò: dúdú, ó ki, ó dà bí oògùn ikọ́ àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn, kó ra sáńpù ẹ̀. Ìgò odindi, PM tó dáa ju ú lọ.

Ti Harewood ńkọ́, tí wọ́n rí ní 2011 nínú àjà ilẹ̀ Harewood House nítòsí Leeds, ọtí Barbados ọdún 1780, tí Christie's sì lù ní gbàǹjo ní 2013? Owó ẹrú ni ìdílé yẹn fi kọ́ ilé náà, ẹrú ló gbin ìrèké ọtí yẹn, ọtí ìrèké sì wà lára ọjà tí wọ́n fi ń ra èèyàn létíkun tiwa níbí. Wọ́n kó owó gbàǹjo yẹn fún àjọ Geraldine Connor tó ń ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, ìyẹn dáa. Ká ní mo lówó ẹ̀ gan-an, mi ò ní fẹ́ ẹ nílé mi.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́ wọn wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ẹ má tọ́ ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọ̀: Foursquare, Appleton, PM, kẹ́ ẹ tó wá kan Hampden, kí Caroni gbẹ̀yìn pátápátá torí tó bá ti kọjá lẹ́nu yín, omi lásán ni gbogbo yòókù máa jẹ́. Kọ́ọ̀bù tí ẹnu ẹ̀ há ni kẹ́ ẹ lò, èyí tí ìdí ẹ̀ fẹ̀, sẹ́ńtílítà méjì péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi í sílẹ̀ kó mí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má ti imú bọ̀ ọ́ ní kíkún, ọtí 60% á jó imú yín, ẹ ò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ di kọ́ọ̀bù náà mú nísàlẹ̀ àgbọ̀n, kẹ́ ẹ la ẹnu díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń mí. Ẹnu àkọ́kọ́, kékeré ni, ìyẹn wà láti fi sọ fún ahọ́n pé nǹkan ń bọ̀. Ẹnu kejì lẹ máa fi ṣèdájọ́. Ẹ wá kán omi sí i, ẹ̀kán méjì mẹ́ta, kẹ́ ẹ tún gbóòórùn ẹ̀, Hampden máa ń ṣí sílẹ̀ gan-an tó bá rómi, PM àgbà sì máa ń dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má fi ata rodo jẹun kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó fín sẹ́ńtì jókòó tì yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á ní gbàǹjo

Iye tẹ́ ẹ bá rí lójú ẹ̀rọ kọ́ lẹ máa san. Ilé gbàǹjo á fi owó tiwọn lé e, owó orí á wà lórí owó yẹn, owó gbígbé ẹ̀ wá tún ńkọ́, ẹ ṣírò gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe iye yín. Ẹ wo bí ọtí ṣe ga tó lọ́rùn ìgò, tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé èjìká, atẹ́gùn ti wọ ibẹ̀. Ẹ bèèrè fọ́tò kọ́ọ̀kì, ẹ̀yìn ìgò àti nọ́ńbà ẹ̀. Caroni àti Demerara àtijọ́ ni àwọn ayédèrú máa ń dojú kọ jù, ìgò òfìfo wọn tiẹ̀ ń lówó lórí, ẹ bi ara yín pé kí lẹnì kan fẹ́ fi ìgò òfìfo ṣe. Èmi máa ń fọ́ tèmi.

Tó bá délé, òró ni kó dúró, kì í ṣe bíi wáìnì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, ọtí líle á jẹ kọ́ọ̀kì run. Ibi tó ṣókùnkùn, tí oòrùn ò dé. Tó bá ti kù ìdajì, ẹ dà á sínú ìgò kékeré, torí atẹ́gùn inú ìgò ló ń ba òórùn ẹ̀ jẹ́, rọ́ọ̀mù kì í sì í dàgbà sí i nínú ìgò, ọjọ́ tó kúrò nínú àgbá lọjọ́ orí ẹ̀ dúró.

Báyìí ni màá ṣe ná an. Ẹni tó ní £60, kó ra Hampden 8 tó bá láyà, tí ò bá láyà, Doorly's 14. Ẹni tó ní £150, kó ra Foursquare Exceptional Cask kan pẹ̀lú El Dorado 15, ó kúkú ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọtí tí wọn ò fọwọ́ kàn àti èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn nìyẹn. £300, Rare Collection kan lórí gbàǹjo tí sáà ẹ̀ bá dáa, ẹ fi PM ṣáájú. Ẹni tó bá sì ń lé Caroni ti Velier, kò yẹ kó dá a rà o, kó wá àwọn mẹ́fà míì tí ọtí ń pa bíi tiẹ̀, kí wọ́n dáwó, ìgò 70cl pín sí ọ̀nà méje, 10cl kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ náà gan-an lójú gbogbo wọn, kí wọ́n wọ̀n ọ́n sínú ìgò kékeré, kí wọ́n sì kọ orúkọ sí i lára kí ẹnì kan tó ní òun ò rí tòun.